Ilẹ̀kùn Kọkànlélógójì

Iṣẹ́ bàtà títúnṣe ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní agbedeméjì àdúgbò wa, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń gòkè ti máa ń dúró sinmi. Àdúgbò wa kò ní títì tí mọ́tò lè gbà. Àtẹ̀gùn òkúta ni títì wa, ó ti etí omi gùn dé orí òkè, ilé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá jókòó síbi tí mo jókòó sí, kò sí bàtà tí kò ní mọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní gbọ́. Èmi kì í ṣòfófó o. Etí mi ló kàn ń gbọ́.

Obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi. Ẹgbẹ́ mi ni, àwa méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Afinimọ̀nà ni. Òun ló máa ń pàdé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní èbúté, tí yóò gbé ọ̀pá tó so ìborùn mọ́ lórí sókè kí wọ́n má baà sọnù, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ fún wọn títí wọ́n á fi dé orí òkè. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é. Bí ẹ bá rí Ẹnu-ò-sinmi tó panu mọ́, omi ló ń mu.

Ohun tí àwọn àlejò ń wá wò ni ilẹ̀kùn wa. Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wà lára àtẹ̀gùn yìí. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, ogójì àkọ́kọ́, búlúù ni ilẹ̀kùn wọn. Láti orí ìkọkànlélógójì dé etí omi, pupa ni gbogbo rẹ̀. Kò sí pupa kan láàárín búlúù, kò sí búlúù kan láàárín pupa. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni ìkọkànlélógójì. Èmi ni pupa àkọ́kọ́.

Iwájú mi gan-an ni àwọn àlejò ti máa ń bi í pé kí ló fà á. Ẹnu-ò-sinmi á tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, á túnra mú. Mo ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ débi pé mo lè kà á lójú oorun.

"Àwọn onílẹ̀kùn búlúù tí ẹ máa bá lókè yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn ò pọ̀, wọn kì í rẹ́ni jẹ. Àmọ́ tí ẹ bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín lónìí, ó di ọdún mẹ́ta kí eyín wọn tó yọ! Àwọn onílẹ̀kùn pupa tí ẹ ti kọjá nísàlẹ̀, ọlọ́yàyà ni wọ́n, ẹ̀rín ò jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ di àpò yín mú o. Ẹ má sì sọ àṣírí yín fún wọn, torí kí ẹ tó padà dé èbúté, awakọ̀ ojú omi á ti gbọ́ ọ."

Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò ìlà tó wà láàárín ilẹ̀kùn mi àti ti aládùúgbò mi òkè. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn tiwa yìí, wọ́n ríran o, àmọ́ ohun tí Ẹnu-ò-sinmi bá ti sọ fún wọn nìkan ni wọ́n ń rí. Tí wọ́n bá dé òkè, iye tí wọ́n bá pe nǹkan fún wọn ni wọ́n ń rà á, wọn kì í ná an. Tí wọ́n bá padà dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ná fìlà kan ṣoṣo bí ẹni ń jà sí ogún bàbá wọn.

Díẹ̀díẹ̀, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ohun tí wọ́n ń wò. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà nílé keje lókè, aláwàdà ni tẹ́lẹ̀, á máa fi ìyẹ̀fun kun imú kó lè pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i pé ojú líle ni àwọn àlejò fẹ́ yà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọ̀sán, ó le ojú koko bí ẹni tí wọ́n jí àga ìdáná rẹ̀ gbé. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ti ìrọ̀lẹ́ náà.

Onífìlà ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó ti mọ̀ pé kò sí àlejò tí yóò ra fìlà ní iye tí òun bá kọ́kọ́ pè é, ló bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni òkè bá sọ̀ kalẹ̀ wá ra fìlà, ó bá ìlọ́po méjì níbẹ̀, ó padà sílé ó ní, "Ẹ ò rí i? Òótọ́ ni Ẹnu-ò-sinmi ń sọ!" Èmi náà kò gbẹ́yìn. Tí ẹni òkè bá kọjá tí kò kí mi, mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé búlúù ń gbéra ga. Tí ẹni ìsàlẹ̀ bá kọjá tí kò kí mi, mo ń sọ pé ó ń kánjú ni.

Ó wá wọ inú ìbò. Wọ́ọ̀dù méjì ni wá, òkè àti ìsàlẹ̀, kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì wà fún wa. Kánsẹ́lọ̀ tiwa nísàlẹ̀, ọkùnrin náà kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la dìbò fún un, nítorí pé ó sọ pé òun kò ní jẹ́ kí àwọn búlúù rẹ́ wa jẹ. A ò béèrè kí ni wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ lára wa. Kí la ní?

Ọdún tó kọjá ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìlera. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi agbẹ̀bí kan ránṣẹ́ sí wa, obìnrin tó mọṣẹ́ dáadáa, tí yóò máa gbé nínú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́ọ̀dù méjèèjì ni yóò jọ máa tọ́jú ilé náà, nítorí náà kí wọ́ọ̀dù méjèèjì dìbò lé e lórí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá kọ̀, òdìkejì omi ni wọ́n ń gbé agbẹ̀bí náà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹnikẹ́ni tó Ẹnu-ò-sinmi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Aránṣọ ni ọmọ náà, ilé kẹtàdínlọ́gọ́rin nísàlẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé bàbá ìyá rẹ̀ lókè ni ìrọbí ti mú un. Orí àga la gbé e sí sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin, èmi sì jẹ́ ọ̀kan. A dé etí omi, ọkọ̀ kò sí. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó ti pẹ́ jù fún ọmọ náà. Mo ṣì ń gbúròó ẹkún ọmọbìnrin yẹn. Oyún rẹ̀ tuntun ti pé oṣù méje nígbà tí lẹ́tà náà dé.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ya òmùgọ̀ tó. Èmi tí mo fi èjìká mi gbé àga yẹn, mo ti pinnu pé n kò ní gbà. Mo ní n kò lè máa kan bàtà kí àwọn búlúù jókòó síwájú mi, kí wọ́n máa ní kí n má pariwo.

Inú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà la ti ṣe ìpàdé. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde, ó ní, "Èmi ò lè jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò níbi tí àwọn onílẹ̀kùn pupa wà. Ẹ sọ àṣírí yín fún wọn, kí ẹ tó dé èbúté awakọ̀ á ti gbọ́ ọ." Àwọn òkè pàtẹ́wọ́. Onífìlà fò dìde, ó ní, "Ta ló fẹ́ gbọ́ àṣírí yín? Ẹ̀yin tí ẹ̀rín yín ń gba ọdún mẹ́ta! Ẹ ó gbébẹ̀ dákẹ́ bí ọba, ẹ ó ní kí aya wa dúró síta!" Àwọn ìsàlẹ̀ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Èmi náà fi ẹsẹ̀ kilẹ̀.

Mo wá bojú wo Ẹnu-ò-sinmi. Ó panu mọ́, kò sì mu omi. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tí wọ́n yí padà. Ló bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Àwọn àlejò ni mo fi ń pa lẹ́rìn-ín."

Ẹ ò ní gbà gbọ́, wọ́n fi rẹ́rìn-ín ni. Onífìlà ní, "Kò sí ohun tí kò ní sọ, ọmọ rẹ̀ ló ń jà fún." Obìnrin kan láti òkè ní, "Irọ́ kẹ̀? Ẹnu ìyá mi gan-an ni mo ti gbọ́ ọ." Ẹnu-ò-sinmi ní, "Ta ló sọ fún ìyá rẹ?" Wọ́n tú ká.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí oníbàárà. Ó ní, "Oníbàtà, ṣé o mọ ìdí tí ilẹ̀kùn rẹ fi pupa?"

Mo ní, "Torí pé a jẹ́ ọlọ́yàyà."

Ó ní, "Ọ̀dà ló tán."

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun nígbà náà, kí n tó dé àdúgbò yìí rárá. Ìgbìmọ̀ àdúgbò gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo fún bàbá rẹ̀, Bàbá Akunlé, pé kí wọ́n kùn ún ní búlúù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ló ń bá bàbá gbé agolo. Nígbà tí wọ́n kun ilẹ̀kùn kọkànlélógójì dé ìdajì, ọ̀dà tán. Ọkọ̀ ojú omi kò ní dé fún oṣù kan, pupa nìkan ló kù lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀dà. Bàbá fi pupa bo ìdajì búlúù náà, wọ́n sì kùn ún lọ títí dé etí omi. Wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀ pé báyìí ló ṣe dára jù. Wọ́n wá mú kí ọmọ wọn búra pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ ní láti mọ Bàbá Akunlé. Kò sí kunlékunlé tí kò gba ìbáwí wọn rí. "Wọn ilẹ̀kùn kí o tó ṣí agolo!" ni wọ́n máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. "Oníṣẹ́ tí ọ̀dà tán mọ́ lọ́wọ́, kò kọ́ṣẹ́ yanjú!" Gbogbo ayé bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n wá sọ pé ọ̀dà tán mọ́ àwọn náà lọ́wọ́?

Ẹnu-ò-sinmi ní, "Àwọn àlejò ń bi mí, mi ò sì lè tú bàbá mi fó. Mo ní kí n fi àwàdà bò ó. Mi ò mọ̀ pé a máa gbé inú àwàdà náà."

Mo wo bàtà tó wà nílẹ̀ níwájú mi, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tún wọn ṣe. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹ, iwájú, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń gbá òkúta. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà yìí, mi ò wò ó. Ojú tì mí gan-an.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ òtítọ́ náà fáyé gbọ́. Wọ́n lé e jáde. Wọ́n ní, "Ṣé ọjọ́ ogbó mi lo fẹ́ fi orúkọ mi wọ́lẹ̀?"

Ìbò ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí mo rí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ ní òun nìkan, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri. Mo gbé àpótí fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé okùn bàtà ti wọ inú ẹran ara. Mo tú okùn náà, mo ní kó padà sílé, ó ní òun fẹ́ kí bàbá àgbà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e, mo bá a gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé kejìlá ni Bàbá Akunlé ń gbé. Yàrá wọn mọ́ tónítóní, búrọ́ọ̀ṣì wọn wà lára ìṣó lára ògiri, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Ní igun yàrá ni àga alápá kan wà. Àga yẹn la fi gbé ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ ìrọbí náà. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí rẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, Bàbá àgbà. Mi ò wá bẹ̀ yín o. Mo ní kí n wá kí yín ni, torí tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní lè gun òkè yìí mọ́." Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wo yíká, ó sì lọ jókòó sórí àga náà.

Bàbá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ láìwọ bàtà. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí, ṣùgbọ́n ẹnu mi yọ. Mo ní, "Bàbá, àwọn àgbà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́, Oníbàtà?" Wọ́n bú mi dáadáa. Nígbà tí wọ́n bú mi tán, wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n mú irin tí wọ́n fi ń họ ọ̀dà, wọ́n ní kí n di ọwọ́ àwọn mú lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹnu-ò-sinmi wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àlejò bí ogún, àwọn ará àdúgbò sì jókòó káàkiri. Bàbá lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́.

Mo pariwo. "Bàbá! Ilẹ̀kùn mi!"

"Ilẹ̀kùn rẹ kọ́. Iṣẹ́ mi ni."

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, wọ́n ń họ ọ́ bí ọmọ ogún ọdún. Pupa ń ré bọ́ sílẹ̀. Lókè, búlúù jáde. Wọ́n họ ọ́ dé ibi àyà, búlúù ṣì wà. Ó wá ń fẹ́lẹ́ lọ, ipa búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbẹ ló hàn lára igi, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Pupa nìkan ló wà nísàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti dìde.

Bàbá nu ojú. Wọ́n ní, "Ibí yìí ló tán sí. Búlúù ni wọ́n ní kí n kun gbogbo yín. Mi ò wọn ilẹ̀kùn kí n tó ṣí agolo. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yín kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Wọ́n wá wo ọmọ wọn. "Má bínú sí mi, ọmọ mi. Èmi ni mo di ẹrù irọ́ yìí lé ọ lórí." Ẹnu-ò-sinmi bú sẹ́kún níwájú àwọn àlejò rẹ̀. Ogún ọdún ni irọ́ yẹn ti rìn, ọ̀sán ọjọ́ kan ni òtítọ́ lé e bá.

A wá gbọ́ ẹ̀rín kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, kò lè mú un mọ́ra, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Agolo ọ̀dà! Torí agolo ọ̀dà ni mo ṣe ń le ojú láti ọjọ́ yìí! Gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ń dùn mí!" Onífìlà na ọwọ́ sí i pé kó dìde, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kó wá ra fìlà, òun kò ní pè é ní ìlọ́po méjì.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà o. Àwọn kan ní ọ̀dà tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn òkè ṣì ń gbéra ga. A dìbò ní ọjọ́ kẹrin. Òkè, àádọ́rùn-ún ó lé méje gbà, ọgọ́ta ó lé ọ̀kan kọ̀. Ìsàlẹ̀, ọgọ́rin ó lé mẹ́rin gbà, ọgọ́rin ó dín kan kọ̀. Ìbò márùn-ún ló gba agbẹ̀bí náà wọlé nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn, tèmi ni.

Agbẹ̀bí dé lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú àpótí méjì àti ẹnu tó le ju tèmi lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ilẹ̀kùn wo ló ti wá. Àṣẹ kan ṣoṣo tó pa fún wa ni pé kí ẹni tó bá ń bọ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń lẹ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun láti inú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà. Ọmọbìnrin Ẹnu-ò-sinmi ló bí ọmọ náà, obìnrin ni. Ẹ̀mí rẹ̀ wà, ìyá rẹ̀ wà. Mo ba bàtà yẹn jẹ́, mo kùn ún ní gọ́ọ̀mù lójú.

Òtítọ́ ni Ẹnu-ò-sinmi ń sọ fún àwọn àlejò báyìí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín ju ti àtijọ́ lọ. Gbogbo wọn ló ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi níbi tí búlúù ti tán. Mi ò tún un kùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń rọra béèrè pé, "Àwọn òkè àti ìsàlẹ̀, ṣé wọn ò yàtọ̀ rárá ni?" Ẹnu-ò-sinmi á ní kí wọ́n bi Oníbàtà pé níbo ni bàtà wọn ti ń jẹ.

Bàbá Akunlé sọ̀ kalẹ̀ wá wo àtọmọdọ́mọ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e tán, tí wọ́n ti sunkún díẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn agbẹ̀bí kò ní ọ̀dà rárá. Wọ́n bínú. Wọ́n ní kí wọ́n mú ọ̀dà wá. Ariwo sọ pé àwọ̀ wo ni, òkè ń sọ tiwọn, ìsàlẹ̀ ń sọ tiwọn, agbẹ̀bí ní funfun ni, ó parí. Onífìlà sáré mú agolo funfun kan wá, ó fẹ́ ṣí i.

Bàbá gbá a lọ́wọ́. Wọ́n yọ téèpù lápò, wọ́n wọn gígùn ilẹ̀kùn náà, wọ́n wọn ìbú rẹ̀, wọ́n fi ìka ṣírò. Wọ́n wo agolo náà, wọ́n bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn tèmi, wọ́n sì yíjú sí Onífìlà.

"Lọ mú ìkejì wá."